Ojú tí a So Mọ́ Ọkọ̀ Eré Ìje: Ìtàn Kámẹ́rà àti Ìdè Rẹ̀ láti 1966



1. Ìfáárà

Ó ṣeé ṣe kí ẹnu ya àwọn kan nínú yín pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí ọkọ̀ eré ìje. Wọ́n lè máa bi ara wọn pé kí ni ó pa ẹni tí ó ń fi ìtàn àròsọ àti ewì kọ́ni pọ̀ mọ́ bóòtù àti okùn wáyà. Èsì mi kò gùn. Nínú iṣẹ́ tiwa, ìbéèrè tí a máa ń kọ́kọ́ béèrè nípa ìtàn kọ̀ọ̀kan ni pé: ta ni ó ń sọ ọ́, ibo ni ó sì dúró sí nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣẹlẹ̀? A mọ olùsọ̀tàn arínúróde, ẹni tí ó wà lókè tí ó ń wo gbogbo ènìyàn. A sì mọ olùsọ̀tàn ojú-mi-ló-ṣe, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá lára. Láàárín nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sí àkókò yìí, ìtàn eré ìje ọkọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ti àkọ́kọ́ sí ọwọ́ ti èkejì. Kámẹ́rà tí ó máa ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà tẹ́lẹ̀ ti gun orí ọkọ̀, ó ti dé èjìká awakọ̀, ó sì ti wọ inú àṣíborí rẹ̀ pàápàá.

Irú ọkọ̀ tí mo ní lọ́kàn ni èyí tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ wà ní gbangba láìsí mọ́gáàdì, tí orí awakọ̀ sì yọ síta láìsí òrùlé. N ó máa pè é ní ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀-gbangba. Irú rẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ Formula One tí gbogbo ayé ń wò, irú rẹ̀ náà ni ti IndyCar ní Amẹ́ríkà, irú rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké tí àwọn aláfẹ́ ń fi sáré ní òpin ọ̀sẹ̀. Kò sí ibi tí ó nira láti so kámẹ́rà mọ́ tó irú ọkọ̀ yìí. Kò ní inú ilé tí a lè fi ẹ̀rọ pamọ́ sí. Awọ ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, atẹ́gùn ń gbá a láti iwájú, ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n ọ́n láti ẹ̀yìn.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: ìdè ni ó sọ kámẹ́rà di ẹlẹ́rìí. Kámẹ́rà tí a kò dè dáadáa kì í ṣe ẹlẹ́rìí tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí àwòrán rẹ̀ yóò máa gbọ̀n. Kì í sì í ṣe aláìléwu, nítorí bí ó bá já, òkò ni ó dà. Ìdè kan náà tí ó ń mú kí ó sọ òtítọ́ ni ó ń dì í mú kí ó má ṣe pa ẹlòmíràn lára.

2. Sinimá ni ó kọ́kọ́ gun ọkọ̀

Ní 1966, John Frankenheimer, olùdarí sinimá ará Amẹ́ríkà, kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Yúróòpù láti ya sinimá tí a ń pè ní Grand Prix. Àwọn ìdíje Formula One ti ọdún náà gan-an ni wọ́n tẹ̀ lé kiri. Àwòrán ẹ̀bá ọ̀nà nìkan kò tẹ́ Frankenheimer lọ́rùn. Ó fẹ́ kí òǹwòran jókòó síbi tí awakọ̀ jókòó sí. Ṣùgbọ́n fíìmù tí ó ń lò fẹ̀ tó mílímítà 65, ẹ̀rọ tí ó ń yà á tóbi, ó sì wúwo. Irin ni wọ́n fi dè é mọ́ ara ọkọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tí àwọn òṣèré ń wà nínú sinimá náà kì í sì í ṣe Formula One tòótọ́. Ọkọ̀ Formula Three ni wọ́n, tí a tún ṣe kí wọ́n lè jọ ẹ̀gbọ́n wọn.

Ọjọ́ kan wà tí ó yẹ kí a rántí. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún náà, ìdíje ilẹ̀ Belgium wáyé ní Spa. Phil Hill, ẹni tí ó gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé awakọ̀ ní 1961, wa ọkọ̀ McLaren kan tí a de kámẹ́rà mọ́, ó sì tẹ̀ lé àwọn olùdíje lẹ́yìn ní àyíká àkọ́kọ́. Òjò dé bá wọn lójijì. Ọkọ̀ kan yọ̀ tẹ̀ lé òmíràn kúrò lójú ọ̀nà. Jackie Stewart há sínú ọkọ̀ tirẹ̀ tí ó ti wó, epo bẹntiróòlù sì ń rin ín lára. Hill la àárín wọn kọjá láìfarapa. Láti ìgbà náà ni Stewart ti di aṣíwájú nínú ìjà fún ààbò awakọ̀. Kí a kíyè sí i pé níbi kan náà, ní wákàtí kan náà, ni ojú tí ó fẹ́ rí ewu láti itòsí ti pàdé ẹni tí yóò lo ọ̀pọ̀ ọdún láti dín ewu náà kù. Àwọn méjèèjì kò sì tíì yà kúrò lára wọn di òní. Sinimá Grand Prix jáde ní oṣù Kejìlá 1966, ó sì gba ẹ̀bùn Oscar mẹ́ta ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e: ọ̀kan fún títo àwòrán pọ̀, méjì fún iṣẹ́ ohùn.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn èyí ni wọ́n ya sinimá Le Mans, tí Steve McQueen jẹ́ olú òṣèré rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tí a fi ń díje ní Le Mans kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀-gbangba, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ kò ṣeé fò. Nínú ìdíje oníwákàtí 24 ti oṣù Kẹfà 1970, ọkọ̀ Porsche 908 kan wà láàárín àwọn olùdíje tí kámẹ́rà wà lára rẹ̀. Herbert Linge àti Jonathan Williams ni wọ́n wà á. Nígbà gbogbo ni ó ń dúró kí wọ́n lè pààrọ̀ fíìmù, tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi lè kà á mọ́ àwọn tí ó parí eré, nítorí pé ọ̀nà tí ó sá kò tó iye tí òfin béèrè. Lẹ́yìn ìdíje náà, nígbà tí wọ́n ṣì ń ya àwọn ìran tí ó kù, David Piper forí sọ, apá kan ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lọ. Ìran kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹnìkan ni ó ń sanwó rẹ̀.

3. Tẹlifíṣọ̀n gba ọ̀pá àṣẹ

Fíìmù ní ìdíwọ́ kan: bí a bá yà á lónìí, ọjọ́ mìíràn ni a ó tó rí i. Tẹlifíṣọ̀n ni ó mú ìdíwọ́ náà kúrò. Ní 1979, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Channel Seven ní Ọsirélíà gbé ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní RaceCam sínú ọkọ̀ Toyota Celica tí Peter Williamson fi díje ní Bathurst. Bí Williamson ti ń sáré ni àwọn ènìyàn ń rí ohun tí ó ń rí nínú ilé wọn, tí òun fúnra rẹ̀ sì ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ní ti àwa tí a ń kọ́ni nípa olùsọ̀tàn, ọjọ́ ńlá ni ọjọ́ náà. Awakọ̀ kò jẹ́ ẹni tí a ń sọ ìtàn rẹ̀ nìkan mọ́; ó ti di ẹni tí ń sọ ìtàn ara rẹ̀ bí ó ti ń ṣẹlẹ̀. Ní 1983, irú ẹ̀rọ yìí dé ìdíje Indianapolis 500, ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀-gbangba sì bẹ̀rẹ̀ sí í ru ẹrù tuntun yìí.

Ní Formula One, ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ 1985 ni ọjọ́ tí a máa ń tọ́ka sí. Ìdíje ilẹ̀ Jámánì ni, ní Nürburgring. Renault mú ọkọ̀ kẹta wá, François Hesnault ni ó wà á, kámẹ́rà sì wà lára rẹ̀ tí ó ń fi àwòrán ránṣẹ́ bí eré ti ń lọ. Àyíká mẹ́jọ péré ni ó sá tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ fi bàjẹ́. Michele Alboreto ni ó borí lọ́jọ́ náà. Nítorí náà, ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ tí Formula One ní nínú ọkọ̀ kò rí òpin ìtàn tí ó ń sọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ti ṣí. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwòrán láti orí ọkọ̀ ti di ohun tí àwọn òǹwòran ń retí nínú gbogbo ìdíje.

Bí ó ti di àṣà, ó di ọ̀rọ̀ òfin. Ẹrù ni kámẹ́rà, ìdíwọ́ ni fún atẹ́gùn, kò sì sí awakọ̀ tí yóò fẹ́ ru ohun tí alátakò rẹ̀ kò rù. Nítorí náà, FIA, àjọ tí ń ṣe òfin eré ìje ọkọ̀, yan ibi tí kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wà lára ọkọ̀. Wọ́n sì pàṣẹ pé ibi tí kò bá sí kámẹ́rà, kí a fi àpótí tí ó tóbi tí ó sì wúwo bákan náà sí i. Síbẹ̀, ọgbọ́n kò tán nínú àwọn ẹnjiníà. Ní 2014, a rí ẹgbẹ́ kan tí ó fi kámẹ́rà pamọ́ sínú imú ọkọ̀ kí atẹ́gùn lè ṣàn geere. Ní 2015, òfin tuntun mú kámẹ́rà náà padà sí ìta. Ibi tí a so ojú mọ́ ti di ibi tí a ti ń jà fún ìṣẹ́gun.

4. Ẹlẹ́rìí níwájú adájọ́

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ṣùgbọ́n kí ni a ó ṣe nígbà tí àfojúbà náà bá jẹ́ ti ẹ̀rọ? Ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún 1994, Ayrton Senna, ọmọ ilẹ̀ Brazil tí ó ti gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé nígbà mẹ́ta, kú nínú ìdíje ní Imola ní Ítálì. Kámẹ́rà wà lára ọkọ̀ Michael Schumacher tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì rí bí ọkọ̀ Senna ti yà kúrò lójú ọ̀nà. Kámẹ́rà wà lára ọkọ̀ Senna náà. Ṣùgbọ́n àwòrán tirẹ̀ parí kí ọkọ̀ náà tó kan ògiri.

Nígbà tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì 1997, àwọn ògbógi wo àwòrán náà léraléra, wọ́n ń fi ojú wọn bí ìdarí ọkọ̀ náà ti ń yí, láti mọ̀ bóyá ọ̀pá rẹ̀ ti ṣẹ́ kí ọkọ̀ tó yà. Àwọn kan rí ohun kan nínú rẹ̀, àwọn mìíràn rí òdìkejì. Àríyànjiyàn ńlá sì bẹ́ sílẹ̀ lórí ìdí tí àwòrán náà fi parí síbi tí ó parí sí. Ilé ẹjọ́ dá àwọn tí a fẹ̀sùn kàn sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún náà, síbẹ̀ ẹjọ́ ń lọ láti ilé ẹjọ́ kan dé òmíràn títí di 2007.

Kí ni èyí kọ́ wa? Ó kọ́ wa pé bí ojú kámẹ́rà bá ń gbọ̀n lọ́tọ̀, tí ọkọ̀ ń gbọ̀n lọ́tọ̀, kò sí ẹni tí yóò lè sọ èyí tí ó jẹ́ ìgbọ̀nrìrì ọkọ̀ àti èyí tí ó jẹ́ ti ẹlẹ́rìí. Ẹni tí yóò fi àwòrán wọn ìdarí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá a lójú pé kámẹ́rà kò yẹsẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan ni ìdè tí ó le. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ni. Ìdí nìyí tí FIA fi mú kámẹ́rà mìíràn wọ Formula One ní 2016, tí ó kọjú sí awakọ̀, tí ó ń ya àwòrán 400 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí a lè mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí orí àti ọrùn ènìyàn nígbà ìjàǹbá. Ojú tí a kọ́kọ́ gbé wá fún ìdùnnú òǹwòran ti di ojú oníṣègùn.

5. Òkò tí a sọ sọ́jà

Mo fẹ́ kí a yí ojú sí ìhà kejì ọ̀rọ̀ náà nísinsìnyí. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Nínú eré ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀-gbangba, ohunkóhun tí ó bá já kúrò lára ọkọ̀ iwájú, orí ẹni tí ó wà lẹ́yìn ni ó ń wá.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje 2009, ní Brands Hatch ní England, ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan já nínú ìdíje Formula Two, ó sì ba Henry Surtees lórí. Ọmọ ọdún 18 ni, ó sì kú. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní Hungary, spíríǹgì kan já kúrò lára ọkọ̀ Rubens Barrichello, ó sì ba àṣíborí Felipe Massa tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Spíríǹgì náà kò ju nǹkan bí kílò kan lọ. Agbárí Massa fọ́. Ó yè, ṣùgbọ́n kò tún díje mọ́ ní ọdún náà. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ 2015, ní Pocono ní Amẹ́ríkà, imú ọkọ̀ tí ó já kúrò lára ọkọ̀ tí ó ti forí sọ ba Justin Wilson lórí, ó sì kú ní ọjọ́ kejì. Nígbà tí Formula One sọ irin tí a ń pè ní halo di dandan lókè orí awakọ̀ ní 2018, irú ikú báyìí ni wọ́n ń ronú sí.

Kámẹ́rà kọ́ ni ó já nínú èyíkéyìí nínú àwọn ìjàǹbá wọ̀nyí. Mo tún un sọ kí ó má bàa sí àṣìlóye. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbé ohun kan tí kò sí lára ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ wá so mọ́ ọn, ó ti fi ohun kan kún àwọn nǹkan tí ó lè já.

6. Kámẹ́rà kékeré àti ọ̀já rẹ̀

Títí di bí ogún ọdún sẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan ni ó lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ní 2002, Nick Woodman, ọ̀dọ́kùnrin ará Kalifọ́níà tí ó fẹ́ràn láti máa fi pákó gun ìgbì òkun, dá GoPro sílẹ̀. Ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn kì í ṣe kámẹ́rà rárá. Okùn ọwọ́ ni, èyí tí a ó fi de kámẹ́rà tí ó ti wà lọ́jà mọ́ ọrùn ọwọ́. Nígbà tí ó rí i pé àwọn kámẹ́rà náà kò lè gba ìyà omi ni ó wá ronú àtiṣe kámẹ́rà tirẹ̀, ó sì tà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 2004. Ẹ wò ó bí ìtàn náà ti rí: ìdè ni ó ṣáájú, kámẹ́rà ni ó tẹ̀ lé e.

Lónìí, irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ wọn nǹkan bí gíráàmù 150, ó sì lè wà lọ́wọ́ awakọ̀ aláfẹ́ èyíkéyìí. Kíkéré rẹ̀ ni ó ń tan ènìyàn jẹ. Bí ọkọ̀ bá ń sá kìlómítà 200 ní wákàtí kan, agbára tí atẹ́gùn fi ń tì í sẹ́yìn tó ìwúwo gíráàmù 700, èyíinì ni pé ó ju ìwúwo kámẹ́rà náà lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Bí ó bá já, tí atẹ́gùn sì dá a dúró, awakọ̀ ẹ̀yìn ni yóò fi eré 200 náà pàdé rẹ̀. Ìyẹn dọ́gba pẹ̀lú kí kámẹ́rà já lé ènìyàn lórí láti ibi tí ó ga ju mítà 150 lọ. Ilé Kòkó alájà 26 tí ó wà ní Ìbàdàn kò ga tó bẹ́ẹ̀.

Báwo ni ó ṣe yẹ kí a dè é? Àwọn ìyá wa ti dáhùn ìbéèrè yìí tipẹ́. Bí ìyá bá pọnmọ, ìró ni ó fi ń pọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n kì í tìtorí pé ìró le kí ó má gba ọ̀já. Ọ̀já wà fún ọjọ́ tí ìró bá tú. Bákan náà ni ti kámẹ́rà. Ìdè àkọ́kọ́ ni irin tí ó gbá a mú, èyí tí ó yẹ kí ó di egungun ọkọ̀ fúnra rẹ̀ mú, bí àpẹẹrẹ irin tí ó yípo lẹ́yìn orí awakọ̀. Kò yẹ kí a gbẹ́ ihò sí irin yìí nítorí kámẹ́rà, torí pé òun ni yóò gba awakọ̀ là bí ọkọ̀ bá yí dànù. Ńṣe ni kí a fi irin mìíràn gbá a mọ́ra. Awọ ọkọ̀ tí ó fẹ́lẹ́ kò dára fún un, nítorí ó ń lùpàlùpà nínú atẹ́gùn. Ọwọ́ irin náà gbọ́dọ̀ kúrú: bí ó bá ti gùn tó ni àwòrán ń gbọ̀n tó, tí ìdí rẹ̀ sì ń rẹ̀ tó. Bí a bá lè dì í mú láti ìhà méjì, ó sàn ju ẹyọ kan lọ.

Ìdè kejì ni ọ̀já: okùn wáyà tí ó kúrú, tí a so mọ́ kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ní orí kan, tí a sì so mọ́ ibòmíràn lára ọkọ̀ ní orí kejì. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ibi tí ìdè àkọ́kọ́ wà, nítorí bí ibẹ̀ bá ṣẹ́, àwọn méjèèjì yóò jọ lọ ni. Kò sì gbọdọ̀ gùn tó èyí tí kámẹ́rà yóò fi lè gbá awakọ̀ lójú tàbí kó sábẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ní ti ife rọ́bà tí ń fà mọ́ ara nǹkan, eruku àti ooru lè tú u láìrò tẹ́lẹ̀, kò sì yẹ kí ó dá dúró láìsí ọ̀já. Àtè le jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ojú tí a nù mọ́, ó sì fẹ́ ọjọ́ kan gbáko kí ó tó mú dáadáa.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ìgbọ̀nrìrì ṣì ń tú bóòtù. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí ọkọ̀ tó jáde ní gbogbo ìgbà, kí olùyẹ̀wò ọkọ̀ sì rí i. Bí kámẹ́rà bá sì lè dí ojú awakọ̀, tàbí kí ó dí i lọ́wọ́ láti tètè jáde bí iná bá ṣẹ́, kò sí àwòrán tí ó tó ohun tí a ó fi í lọ́lẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣe gbogbo èyí nítorí ààbò yóò rí èrè mìíràn tí kò wá. Nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kékeré, ìlà ìlà ni a ń ka àwòrán láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ó bá ń gbọ̀n, ọ̀pá tí ó dúró ṣánṣán yóò dàbí èyí tí ó ń wọ́. Ìdè tí kò yẹ̀ ni ó ń mú ayé dúró bí ó ti rí.

7. Àgbálọgbábọ̀

Láti 2023, gbogbo awakọ̀ Formula One ni ó ń gbé kámẹ́rà kékeré nínú àṣíborí. Ojú ẹ̀rọ àti ojú ènìyàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan. Nínú lítíréṣọ̀, a máa ń yin olùsọ̀tàn ojú-mi-ló-ṣe nítorí pé ó wà nítòsí. Ìtàn tí mo sọ fún yín lónìí fi hàn pé ìtòsí nìkan kò tó. Ẹni tí ó súnmọ́ ọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò ní ibi tí ó dúró lé, yóò sọ ohun tí kò rí. Bí ó bá sì já, yóò ṣe ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn léṣe.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ó so kámẹ́rà mọ́ ọkọ̀ tàbí alùpùpù yín, ẹ má ṣe kà á sí ìwà ìbẹ̀rù bí ẹ bá fi okùn kejì dè é. Ẹni tí okùn náà wà fún kò sí nínú àwòrán yín. Ó wà lẹ́yìn yín, ó ń sáré bọ̀, ó sì gbà pé ẹ ti dè é.